Ilé Tó Kẹ́yìn Nínú Ìwé

Ilé kan ṣoṣo ló kù nínú ìwé aṣèwádìí.

Láti àárọ̀ ló ti ń kan ilẹ̀kùn kiri, tó ń bi àwọn obìnrin ní iye ọmọ tí wọ́n ti bí, kí ìjọba lè mọ bí ìbímọ ṣe ń lọ sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú bíi búrẹ́dì inú omi.

Ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mọ́kàndínláàádọ́ta nìkan ni wọ́n ń kà.

Ó jókòó, ó ṣí ìwé.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹni ọdún mélòó ni yín?"

"Mọ́kàndínláàádọ́ta. Bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́la, mo pé àádọ́ta."

Ẹ gbọ́ ná: ká ní ó di ọ̀la ni, wọn ò ní kà á mọ́.

"Ọmọ mélòó lẹ ti bí?"

"Kò sí."

Òfin iṣẹ́ ni pé ẹni tó bá ní kò sí, wọ́n gbọ́dọ̀ tún bi í. Ìwé ò mojú ẹnikẹ́ni.

"Ṣé ẹ bí èyí tó ké rí, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kò pẹ́ láyé?"

"Ó ké. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ìyá ọkọ mi ní èyí tí kò lo wákàtí kan, wọn kì í kà á mọ́ ọmọ."

Bírò dúró díẹ̀. Ó wá kọ ọ́ sílẹ̀: ọ̀kan.

Ó pa ìwé dé, ó bọ́ bàtà iṣẹ́ nínú ilé ara rẹ̀, ó sì wo àga kejì tí kò sẹ́ni tó jókòó lé.

Ọdún mẹ́rìnlá ló ti fi ń bi àwọn ẹlòmíì ní ìbéèrè yẹn.

Kò sẹ́ni tó bi òun náà rí.