Ìmàdò Ra Ohùn Àkùkọ

Àlọ́ mi ń bọ̀ o, ẹ gbà á! Ọ̀dọ̀ Àkùkọ ló balẹ̀ sí.

Ní ìlú àwọn ẹranko, ẹnikẹ́ni kì í jáde láìgbọ́ ohùn Àkùkọ. Ìmàdò, ọba wọn, a sì máa jí iṣu wọn hú ní ìdájí. Nígbà tí ojúkòkòrò mú un, ó gbé àgbàdo lọ bá Àkùkọ.

"Má kọ lọ́la. Jẹ́ kí ará ìlú sùn dáadáa."

Àkùkọ wo àwọn ọmọ rẹ̀ tí ebi ń pa. Ó gbà á, àmọ́ inú rẹ̀ ò dùn.

Lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀ mọ́ kedere, Àkùkọ ò kọ. Ewúrẹ́ yọrí lójú fèrèsé, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Àkùkọ, ilẹ̀ ò mọ́ ni?
*Kọ o, Àkùkọ, kọ!*
Oòrùn ti wọlé bá mi.
*Kọ o, Àkùkọ, kọ!*

Orin náà wọ Àkùkọ lára. Ó tu àgbàdo ẹnu rẹ̀ dànù, ó kọ. Gbogbo ìlú tú jáde, wọ́n bá ọba lóko Ewúrẹ́, tó ki imú bọ inú ebè.

Ìmàdò jágbe mọ́ Àkùkọ: "Kí ló dé tí o ò tètè kọ? Ohùn rẹ ni mo máa ń gbọ́ tí mo fi ń sá wálé!"

Àkùkọ ní: "Kábíyèsí, ẹ̀yin náà lẹ ní kí n dákẹ́."