Ìkó Pupa Orí Ọ̀kẹ́rẹ́

Àlọ́ mi já wẹ́rẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi, kò balẹ̀ síbì kankan àfi orí Ọ̀kẹ́rẹ́.

Àwọn ẹran kéékèèké kó ẹgbẹ́ ogun jọ nítorí Ológbò tó ń pa wọ́n jẹ. Ọ̀yà ni ọ̀gá wọn. Ó fi ìkó pupa odídẹrẹ́ sí orí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó ní àmì ẹgbẹ́ nìyẹn, kò gbọdọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Háà, ẹ wá wo Ọ̀kẹ́rẹ́ bó ṣe ń yan!

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Baba Abíọ́nà, ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ tó sùn."

Ó ní, "Ṣé kí n yọ orí mi sílẹ̀ ni?"

Lọ́jọ́ ogun, Ológbò lé wọn. Ìtàkùn kọ́ Ọ̀kẹ́rẹ́ lẹ́sẹ̀, ló bá figbe orin ta:

Ọ̀yà ọ̀gá mi, ẹ gbà mí o,
Tẹ̀rẹ̀nà.
Ológbò ń bọ̀, ẹ gbà mí o,
Tẹ̀rẹ̀nà.

Gbogbo wọn sáré padà. Inú Ọ̀kẹ́rẹ́ dùn, ó na ẹsẹ̀ sí wọn. Ọ̀yà fa ìkó yọ lórí rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹsẹ̀ mi ni!"

"Fọkàn balẹ̀, akọni. Ológbò ò ní rí i gbà láé." Ni wọ́n bá sá lọ.

Wọ́n fijó gbé ìkó náà délé. Ìyàwó Ọ̀kẹ́rẹ́ bi wọ́n pé, "Ọkọ mi dà?"

Ọ̀yà wò yíká, ó ní, "Ta ni kò tíì ní ìkó níbí?"

Àbúrò Ọ̀kẹ́rẹ́ ti tẹ orí sílẹ̀.

Ibi tí àlọ́ mi dúró sí nìyẹn. Bí mo bá purọ́, ẹ bi Ológbò, òun ló yó.