Bọ́nẹ́ẹ̀tì Oyèkúnmi

Ẹ fi fóònù yín sílẹ̀ ná, ẹ̀yin ọmọ mi, kí n sọ ti Oyèkúnmi fún yín. Mẹkáníìkì ni, ní ìlú kékeré kan lẹ́bàá Ṣakí, ó sì mọṣẹ́ dáadáa. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: ahun ni. Kì í ṣe ahun owó tàbí ti oúnjẹ o, ahun ìmọ̀ ni. Ohun tó bá mọ̀, inú rẹ̀ ló ń kú sí. Bí ẹnikẹ́ni bá ti yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, gbàù ni yóò pa bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tó ń tún ṣe dé, yóò jókòó lé e lórí, á wá máa bi onítọ̀hún pé, "Ṣé kò sí o?"

Ní ìlú yẹn, ọjọ́ kejì Iléyá ni wọ́n máa ń fi mọ́tò sáré. Mọ́tò tuntun kọ́ o. Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ onípúlọ́ọ̀gì mẹ́fà ni, tí oníkálukú ti fọwọ́ ara rẹ̀ tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀, tó sì tún un tò. Wọ́n á dí títì gbọọrọ kan lẹ́yìn ìlú, ọkọ̀ méjì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹni tó bá kọ́kọ́ kọjá igi ọ̀dán tó wà lópin ọ̀hún ló jẹ.

Ọkọ̀ àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Kíráùn, tí bàbá Oyèkúnmi fi sílẹ̀ kó tó kú, ni òun fi ń sáré, ó sì fẹ́ràn ọkọ̀ náà bí ẹní fẹ́ràn ọmọ. Àmọ́ ọdọọdún ló ń fìdí rẹmi. Bí wọ́n bá ti ju àsíá sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì á ké, èéfín á bolẹ̀, táyà ẹ̀yìn á máa yí lójú kan, ẹnìkejì rẹ̀ á sì ti jìnnà. Ó tún ẹ́ńjìnnì ṣe títí, ó pààrọ̀ kábúrétọ̀, pàbó ló ń já sí. Kò sì jẹ́ bi ẹnikẹ́ni, nítorí ẹ̀rù ń bà á pé tí òun bá béèrè, àwọn náà á béèrè lọ́wọ́ òun.

Ìyá rẹ̀ wá fárígá. "Oyèkúnmi, gbogbo ohun tí ò ń rí lẹ́nu iṣẹ́, inú ọkọ̀ yìí lò ń dà á sí. O ò níyàwó, o ò lọ́mọ! Tí o bá tún fìdí rẹmi lọ́dún yìí, màá pe àwọn tó ń ra irin, kí wọ́n wá gé e kúrò níwájú ilé mi."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Ọkọ̀ bàbá mi ni."

"Bàbá tìrẹ, ọkọ tèmi. Mo ti sọ tèmi."

Ọjọ́ pé. Tàwá, ọmọbìnrin tó gba ife ẹ̀yẹ lọ́dún tó kọjá, ni wọ́n yàn kó bá a sáré. Bí wọ́n ṣe dúró, tí ẹ́ńjìnnì méjèèjì ń kùn, Oyèkúnmi gbọ́ nǹkan. Ẹ́ńjìnnì Tàwá ń kọsẹ̀. Púlọ́ọ̀gì kan ti kú nínú mẹ́fà! Tàwá kò gbọ́ ọ nínú ariwo èrò.

Inú Oyèkúnmi kọ́kọ́ dùn. Kó sáà ti panu mọ́, ó ti jẹ nìyẹn, ẹnu pípamọ́ ò sì ṣòro fún un. Ó wá rí ìyá rẹ̀ láàárín èrò, tó ń nàgà kó lè rí ọkọ̀ náà. Ojú tì í. Ṣé irú jíjẹ báyìí ni òun máa fi gba ọkọ̀ bàbá òun sílẹ̀? Ó juwọ́ sí ẹni tó mú àsíá, ó sọ̀ kalẹ̀.

"Tàwá, pa á! Púlọ́ọ̀gì rẹ kan ti kú. Mo ní tuntun."

Inú bọ́nẹ́ẹ̀tì Kíráùn rẹ̀ ló ń tọ́jú sípíà sí, nítorí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kì í débẹ̀. Ó ṣí i níṣojú gbogbo ìlú. "Háà! Bọ́nẹ́ẹ̀tì Oyèkúnmi ṣí!" ni àwọn ènìyàn ń pariwo.

Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì tán, Tàwá yí Kíráùn náà ká, ó fọwọ́ tẹ táyà ẹ̀yìn, ó bú sẹ́rìn-ín. "Bùọ̀dá Oyè, ta ló kó gbogbo afẹ́fẹ́ yìí síbí? Ó ti le jù! Ẹ jẹ́ kó rọ̀, kó lè di ilẹ̀ mú. Ṣé ẹnìkan ò sọ fún yín rí ni?"

"Ìgbà wo ló jẹ́ ká sún mọ́ ọn?" ni awakọ̀ kan dáhùn látẹ̀yìn.

Tàwá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ yọ afẹ́fẹ́ díẹ̀ kúrò nínú àwọn táyà náà.

Àsíá já wálẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, táyà kò yí lójú kan. Ó di títì mú, Kíráùn sì ta yọ, tó fi gbá Oyèkúnmi mọ́ ẹ̀yìn àga. Tàwá ò kẹ̀rẹ̀, púlọ́ọ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ń ṣiṣẹ́ fún un. Wọ́n jọ ń lọ, imú sí imú, títí wọ́n fi sún mọ́ igi ọ̀dán. Oyèkúnmi wọ jíà tó kẹ́yìn, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, Kíráùn sì fi imú kọjá! Tàwá sọ̀ kalẹ̀, ó gbé ọwọ́ Oyèkúnmi sókè fún gbogbo ayé rí. Ìyá ti tú gèlè, ó ń fì í, ó ń sáré bọ̀: "Ọkọ̀ ọkọ mi rèé o! Ta ló ní kí wọ́n gé e?"

Láti ọjọ́ náà, bọ́nẹ́ẹ̀tì kì í dé mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù Oyèkúnmi. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ nìyí, ẹ̀yin ọmọ mi: ẹ má ṣe fi ohun tí ẹ mọ̀ du ẹlòmíràn. Ohun tí Oyèkúnmi ti ń wá láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, gbogbo àwọn awakọ̀ yòókù ló mọ̀ ọ́n. Òun ni kò jẹ́ kí wọ́n ráyè sọ ọ́ fún un.