Lọ Mú Ìyá Ẹ Wá

Dammy fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún Àpèkẹ́. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ pánlá ní ọjà Agbójú títí oníbàárà fi lọ, ó wá ní, "Wọ́n lé mi níléèwé, mà. Wọ́n ní bí ìyá mi ò bá wá lónìí, mi ò ní bá wọn ṣèdánwò àṣejáde."

"Kí lo ṣe?"

"Mo sùn ní kíláàsì. Tísà jí mi, mo pòṣé."

Àpèkẹ́ wò ó látorí dé bàtà. Àtọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú, òun nìkan ló ń ru ẹrù ara rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ti le ju pánlá tó ń tà lọ. Àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ọ̀rá bo ọjà, ó fọwọ́, ó wé gèlè.

Bernice oníata ní, "Níbo?"

"Iléèwé."

Bernice bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ tó ò mọ A! Kí lo fẹ́ lọ kọ́?"

"Mo fẹ́ lọ kọ́ wọn ni."

Ní Festac, Mísíìsì Ọbáfẹ́mi, igbákejì ọ̀gá iléèwé, wo obìnrin náà, ó wo ọmọ.

"Ọmọ yìí ò jọ yín, mà."

"Bàbá ẹ̀ ló jọ."

"Bàbá ọ̀hún dà?"

"Ó ti kú."

Dammy gbójú sókè fìrí, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀.

"Ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ṣùgbọ́n mo pe nọ́ńbà yín títí, ẹ ò gbé e."

"Ta ló ń gbọ́ fóònù láàárín ọjà?"

"Ìyá Dammy, ojoojúmọ́ ló ń sùn. Ṣé fíìmù ló ń wò mọ́jú ni? Ẹ kì í bójú tó o nílé?"

Àpèkẹ́ yí sí Dammy. "Kí lo jẹ láàárọ̀?"

Dammy mirí.

"Àná ńkọ́?"

"Gààrí ló kù. Mo fún àwọn àbúrò mi. Èyí tó kéré jù ń ṣàìsàn, kì í jẹ́ n sùn."

Mísíìsì Ọbáfẹ́mi ju bíírò sílẹ̀. "Iwájú mi lẹ ti wá ń bi í? Ojú ò tì yín?"

"Ìyá tó bímọ tí ò bojú wẹ̀yìn, ẹ bú u. Ẹ bú u dáadáa, mo jókòó síbí. Ṣùgbọ́n ìyá ló ṣẹ̀, ọmọ lẹ lé! Ebi ló pòṣé yẹn, kì í ṣe òun. Mi ò kàwé o, àmọ́ mi ò ní dìde lórí àga yìí àfi bọ́mọ yìí bá wọ kíláàsì. Ẹ pe sìkiọ́rítì."

Mísíìsì Ọbáfẹ́mi ò pe ẹnikẹ́ni. Ó mú bíírò rẹ̀ padà.

"Kó wá ṣèdánwò. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo fẹ́ máa rí yín."

"Ẹ ó rí mi."

Dammy sin ín jáde. Lẹ́yìn gétì, ó mú ìyókù owó tó fi háyà obìnrin náà ṣe ìyá láàárọ̀ jáde, ṣùgbọ́n Àpèkẹ́ ò gbà á, ó tú kókó etí ìró rẹ̀, ó dá àsansílẹ̀ padà fún un, ó ní ti ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀fẹ́ ni, Dammy sì kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó wá béèrè orúkọ rẹ̀.