Orúnkún Mbok Painem

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán nígbà tí Mbok Painem dé ọsíbítù. Òun ló kọ́kọ́ dé. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà dókítà eegun, ó ń fọwọ́ ra orúnkún rẹ̀, ó sì ń kùn.

"Bí wọ́n bá tún sọ lónìí pé kò sí nǹkan kan," ó sọ fún Tarni ọmọ rẹ̀, "mi ò ní padà wá mọ́ láé."

"Ẹ ti sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, Màámi."

"Nígbà yẹn, mo ṣì lè dìde láìdi ìwọ mú."

Jámù, àgbo ewé àti egbò inú ìgò, ni Mbok Painem ń tà. Láràárọ̀, á fi aṣọ so agbọ̀n ìgò mọ́ ẹ̀yìn, á máa rìn láti ilé dé ilé: jámù atalẹ̀ pupa fún àwọn ọmọdé, jámù kíkorò fún ẹni tí ara ń ro. Èyí tó korò yìí ti wá ń tà gan-an. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí kò bá rìn, kò tà nìyẹn, àwọn ọmọ Tarni kò sì ní í jẹun.

Ó ti rí dókítà mẹ́ta kó tó débí. Ọ̀kan ní ọjọ́ orí ni. Èkejì ya àwòrán eegun, ó ní ó dára. Ẹ̀kẹta ní kó dín ẹrù kù, bí ẹni pé òun ló ń bá a bọ́ ilé. Gbogbo wọn ló béèrè oògùn tó ń lò. Ó ní òun kò lo oògùn rí, kò sì parọ́.

Nígbà tí wọ́n wọlé, Dókítà Widuri, dókítà eegun náà, na àwòrán tuntun tí wọ́n yà síwájú iná.

"Apá kan eegun yín ti kú níbí, Mbok. Ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́. Àwòrán ìṣáájú kò lè rí i, torí pé eegun náà kò tíì wó."

"Eegun kú sí mi lára, wọ́n ní kò sí nǹkan kan!"

"Ṣé ẹ máa ń mu ọtí?"

"Ọtí kẹ̀? Èmi tí mò ń kírun!" Tarni bú sẹ́rìn-ín. "Kí lò ń rín?"

"Oògùn ńkọ́?"

"Ẹ̀yin náà! Mo ní mi ò lo oògùn."

Dókítà wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó kún róbótó. "Jámù ńkọ́?"

"Ìyẹn kì í ṣe oògùn. Ta ni kì í mu jámù? Ife kan ti ara ríro ni mò ń mu kí n tó jáde. Ìrora á fò lọ."

"Ta ló ń gún un?"

Ohùn Mbok Painem wálẹ̀. "Èmi ni tẹ́lẹ̀. Apá mi kò gbé ọmọ odó mọ́. Mò ń ra lílọ̀ rẹ̀ lọ́jà báyìí, mo kàn ń pò ó ni."

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. "Àwọn kan ń lọ oògùn mọ́ irú rẹ̀. Ó ń pa ìrora, ó ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ kún, ó sì ń pa eegun. Ẹ má mu ún mọ́. Màá fún yín ní oògùn tí a ó fi máa dín in kù lára yín díẹ̀díẹ̀. Ẹ ó lo ọ̀pá, a ó sì lu ihò tín-ín-rín sí eegun náà kí ẹ̀jẹ̀ lè wọlé."

"Ṣé màá tún rìn?"

"Ẹ ó rìn. Ó dáa tí ẹ tètè wá."

Mbok Painem mí kanlẹ̀. Láti oṣù wọ̀nyí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ojú rẹ̀ tú ká. Ó di ọ̀pá mú, Tarni sì ṣílẹ̀kùn.

Àwọn tó ń dúró ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ẹnu géètì, kálukú na ẹsẹ̀ gbọọrọ síwájú, ó ń fọwọ́ ra orúnkún, inú gbogbo wọn sì dùn bí wọ́n ti rí i, Bu Rukmi, tíṣà tó máa ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀, ló sì kọ́kọ́ ké sí i: "Mbok wa! Ṣé ẹ gbé ti ara ríro dání? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bu díẹ̀ fún wa."