Rédíò Méjìlá Tí Wọ́n Kó Kúrò ní Douz

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi ìtàn ránṣẹ́ kẹ́ ẹ tó kà á tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí dé ìlà tó kẹ́yìn. Èmi tí mò ń sọ ọ́ wà níbẹ̀. Èmi ni mo so ọ̀pọ̀ nínú wáyà Nakhla, mo sì wà lára àwọn tó dákẹ́ nígbà tó yẹ ká sọ̀rọ̀.

1.
Nakhla ni orúkọ sátẹ́láìtì tá a kọ́ ní ìlú Sfax. Kò tóbi ju páálí bàtà lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wo àwọn oko dàbínù ìhà gúúsù láti òkè, kó lè sọ fún wa ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ wọn ń gbà lọ. Ọdún mẹ́rìnlá ni ọ̀gá wa, Dókítà Anouar, fi gbé ìwé iṣẹ́ yìí kiri ọ́fíìsì, tí wọ́n ń ní kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sú u kí Alhájì Belgacem tó dá sí i, àgbà oníṣòwò dàbínù kan ní ìlú Douz níhà gúúsù yìí tí kànga mẹ́ta ti gbẹ mọ́ lọ́wọ́.

Alhájì pín owó rẹ̀ sọ́nà mẹ́ta: ti ìwádìí, ti ẹ̀rọ, àti ti ilé-ìwé. Ti ilé-ìwé yìí la fi ra rédíò méjìlá fún abúlé méjìlá ní agbègbè Douz, kí àwọn ọmọ lè máa gbọ́ ohùn Nakhla tó bá ń kọjá lókè. Màdáàmù Nefissa, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní Douz, ló ń kọ́ wọn. Imọ̀ ọ̀pẹ àti wáyà ni wọ́n fi ṣe áńtẹ́nà wọn. Àwọn ọmọ kọ orúkọ ara wọn sẹ́yìn rédíò, wọ́n sì ń fi í gbọ́ sátẹ́láìtì àwọn ìlú mìíràn, wọ́n ń kọ aago tí wọ́n gbọ́ ọ sínú ìwé.

2.
Ó ku oṣù mẹ́fà kí Nakhla gbéra, ni Dókítà bá lọ sípàdé lókè òkun. Ó rí díìṣì ńlá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì wọ̀ ọ́ lójú. Nígbà tó dé, ọ̀rọ̀ díìṣì nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀. Owó ẹ̀rọ kò tó rà á. Ó rán ọkọ̀ lọ sí Douz, wọ́n kó rédíò méjèèjìlá wá, ó tà wọ́n, ó fi owó wọn kún ti díìṣì.

Màdáàmù Nefissa wọ ọkọ̀ èrò wá sí Sfax, ó gbé apẹ̀rẹ̀ dàbínù kan dání.

“Dókítà, ẹ̀yin lẹ sọ fáwọn ọmọ yìí pé àwọn náà wà nínú iṣẹ́ yìí.”

“Màdáàmù, eré ọmọdé nìyẹn. Díìṣì mi á gbọ́ ọ.”

“Á gbọ́ ọ tó bá mọ ibi tó yẹ kó kọjú sí. Tí ò bá mọ̀ ńkọ́? Tiwa ò lágbára, àmọ́ gbogbo ojú ọ̀run ló ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.”

Dókítà rẹ́rìn-ín. “Ọmọ tí ikun ń dà nímú ẹ̀ ló máa wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbọ́rọ̀?”

Obìnrin náà dìde. Ó gbé dàbínù rẹ̀ kalẹ̀, ó sì lọ. Àwa yòókù mọ̀ pé òótọ́ ló sọ, síbẹ̀ dàbínù la jẹ, a ò la ẹnu sọ nǹkan kan. Nígbà tí Alhájì pè láti ìrìn àjò òwò rẹ̀ láti béèrè àwọn ọmọ, Dókítà ní ara wọn le, wọ́n ń gbádùn ẹ̀kọ́ wọn.

3.
Nakhla gbéra láyọ̀. Bátìrì ọjọ́ mẹ́ta ló gbé dání. Pátákó sólà rẹ̀ ká mọ́ra, ó ń dúró de àṣẹ wa kó tó lè ṣí i gba iná oòrùn. Ká ṣáà gbọ́ ohùn rẹ̀ ká sì dá a lóhùn, ó parí.

Àmọ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì kò jù ú síbi tí wọ́n sọ fún wa gẹ́lẹ́. Aago tí wọ́n fún wa kì í ṣe aago rẹ̀. Díìṣì ẹlẹ́wà kọjú síbi tí wọ́n ní kó kọjú sí, ibẹ̀ sì pa lọ́lọ́. Ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì. Ìyàwó Dókítà ń gbé brik gbígbóná, ìpápánu dídín tó ní ẹyin nínú, wá, ó ń tutù sórí tábìlì. Lọ́jọ́ kẹta, mo ní ká pe Douz.

“Kí n pè wọ́n kí n ní kí ni?” ni Dókítà wí. “Kí ló kù tí wọ́n máa fi gbọ́?”

Lọ́jọ́ kẹrin, bátìrì ti tán. Àánú Dókítà ṣe mí, inú rẹ̀ sì tún ń bí mi.

4.
Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje, bàbá àgbàlagbà kan ní Malta, tó kàn fẹ́ràn àtimáa gbọ́ sátẹ́láìtì, fi ohùn kan ránṣẹ́ sí wa. Ó ní ilé ìwòsàn lòun wà látọjọ́ yìí, àṣé ẹ̀rọ òun ń gba ohùn sílẹ̀ nílé. Nakhla ni. Ọjọ́ kejì tó gbéra nìyẹn, ó ń pe orúkọ ara rẹ̀, ó ń béèrè àṣẹ. Ó fi ìṣẹ́jú mọ́kànlá ṣáájú aago tiwa. Kí díìṣì tó yíjú, ó ti kọjá. A ṣírò ọ̀nà tó gbà, orí Douz gan-an ló gbà kọjá.

Dókítà fúnra rẹ̀ gbé ohùn náà lọ sí Douz. Ó jẹ́ kí Màdáàmù Nefissa àti Alhájì gbọ́ ọ nínú kíláàsì. Nígbà tí ohùn náà parí, Màdáàmù béèrè ọjọ́ àti aago.

“Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá àárọ̀.”

Màdáàmù nawọ́ sí ìwé àkókò ẹ̀kọ́ tó wà lára ògiri. “Wákàtí sáyẹ́ǹsì wa nìyẹn, Dókítà. Orí òrùlé la máa ń wà.”

Alhájì ò pariwo. Ó kàn ní, “Ọmọ mi, o sọ fún mi pé àwọn ọmọ ń gbádùn ẹ̀kọ́ wọn.” Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó jáde. Látọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún dáwó fún Dókítà Anouar mọ́. Díìṣì ṣì wà ní Sfax, àwọn ẹyẹlé ń yé sínú rẹ̀. Kànga kẹrin ti gbẹ ní Douz.

Ìwọ tó ń kà á, bí iṣẹ́ ńlá bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́, ṣọ́ra fún ohun tí wàá gé kúrò. Má ṣe gé ti ọmọ kékeré torí pé kò lè bá ọ jà. Bó o bá sì jẹ́ òṣìṣẹ́ bíi tèmi, tó o rí àṣìṣe, sọ̀rọ̀ kó o tó jẹ dàbínù. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè.