Kùkúńbà Orí Òkè

Ta ló rán mi? Ọjọ́ ọdún ni, gbogbo Kòríà sì ti rọ́ wá sórí òkè yìí. Òógùn ẹlòmíì ń kán sí mi lọ́rùn. Ó ń rí mi lára.

Ìyá àgbà kan tó jókòó lórí àpáta na kùkúńbà bíbó sí mi. Nílé wa, a kì í kọ ọrẹ àgbà. Mo kúnlẹ̀, mo fọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ń yọ̀ bí ahọ́n màlúù, àpá eyín sì wà lára rẹ̀.

Ìbídùn ọ̀rẹ́ mi fà mí lápá. “Ta lò ń kúnlẹ̀ fún? Kò sẹ́ni lórí àpáta yẹn!”

Mo wo kùkúńbà náà. Mi ò gbé e kan ẹnu rárá, àmọ́ ó ti ku ààbọ̀, ẹnu mi sì kún.